Kí la ó máa pe “literal” ní Yorùbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ́ṣẹ́-Ìtumọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ, tí mo ń wá Yorùbá fún wọn. Nígbà tí mo dé orí “literal”, mo kọ “olówuuru” sí i, mo sì kọjá lọ, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn: òwe ní ìtumọ̀ olówuuru, ó sì ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò dá ojú ewé mẹ́rin padà fún mi. Lábẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, mo ti kọ “nọ́ńbà olówuuru”. Lábẹ́ ìṣirò, “ìdọ́gba olówuuru”. Lábẹ́ òfin, “òfin olówuuru”. Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń sọ, òun ò sì rò pé èmi náà mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe lọ́dọ̀ yín? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó lè ru gbogbo ẹrù rẹ̀?

Olùkọ́ Èdè

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. “Olówuuru” ò ṣẹ̀ ọ́, ibi tí o gbé e lọ ni kò gbà á. Ìgbà tí gbólóhùn kan bá ní ojú méjì, tí ojú méjèèjì sì ń wo ara wọn, ni ọ̀rọ̀ náà wúlò. Bí mo bá ní “Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa”, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn onígi ló gbá mọ́ wa lójú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ló kọ̀ láti ràn wá lọ́wọ́, tí kò tilẹ̀ sí ilẹ̀kùn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ti àkọ́kọ́ ni olówuuru, ìkejì ni ìtumọ̀ tó farasin.

Ṣùgbọ́n wo “inú mi dùn”. Ta ló ń rántí ikùn nígbà tó bá ń sọ ọ́? “Ọwọ́ mi dí” ńkọ́? “Ojú ń kán mi” ńkọ́? A ti lo àwọn wọ̀nyí títí àwòrán inú wọn fi parẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ní ìtumọ̀ olówuuru “inú mi dùn”, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé ìdùnnú náà ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ya “inú” sọ́tọ̀, kí n ya “dùn” sọ́tọ̀. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀, ìtúpalẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ẹsẹ̀ tábìlì” àti “ẹnu ọ̀nà”: àfiwé ni wọ́n nígbà kan, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ mìíràn tí a ń fi pe nǹkan méjèèjì mọ́, wọ́n ti di ọ̀rọ̀ ṣákálá. “Bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀”, ní tirẹ̀, àwòrán rẹ̀ ṣì wà láàyè, ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, kọ́kọ́ bi ara rẹ: kí ni wọ́n fi ń takò ó níbẹ̀? Níbi èdè, àfiwé àti àkànlò èdè ni. Níbi kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó ni iṣẹ́ sọ ọ́.

Oníkóòdù

Ẹ̀gbọ́n ti la ọ̀nà fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ la fi ń takò ó. Bí mo bá kọ `iye = 42`, “iye” jẹ́ orúkọ, ohun tó ń tọ́ka sí sì lè yí padà nígbàkigbà. 42 kì í ṣe orúkọ ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ni iye náà, a kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an. Òun là ń pè ní literal. Kò bá òwe tan rárá.

Bí mo bá wá fi àmì àyọlò ká a mọ́, `"42"`, literal náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà mọ́. Àmì méjì tó tò tẹ̀ léra wọn ni, 4 àti 2. Ẹ fi 1 kún un ní JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà kan, ẹ ó rí `"421"`. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ó máa kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ohun tí a kọ gan-an ni ẹ̀rọ máa kà bí ojú yín ṣe kà á. Ní èdè C, nọ́ńbà odindi tí òdo bá ṣíwájú rẹ̀, ìṣirò ẹlẹ́jọ-ẹlẹ́jọ ni ẹ̀rọ máa fi kà á, kì í ṣe ẹlẹ́ẹ̀wá-ẹlẹ́ẹ̀wá. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, ẹnì kan fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ tò gún régé lójú ewé, ló bá kọ 001, 010 àti 100 sábẹ́ ara wọn. Lọ́kàn tirẹ̀, ọ̀kan, ẹ̀wá àti ọgọ́rùn-ún ló kọ. Ẹ̀rọ ka ọ̀kan, ẹ̀jọ àti ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ibi tí èjì ti ń sọnù nínú àròpọ̀, gbogbo ìgbà ni ojú mi sì ń kọjá lórí 010 yẹn láìfura. Python 3 ti fòpin sí ìyẹn: bí ẹ bá kọ 010, yóò sọ pé àṣìṣe ni, àfi kí ẹ kọ 0o10 bó bá jẹ́ ẹ̀jọ lẹ ní lọ́kàn.

Ọ̀kan tún kù. Bí a bá ń fi àwòṣe wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, àmì ìdánudúró kì í dúró fún ara rẹ̀, àmì yòówù ló ń dúró fún. Ẹni tó bá wá `a.b` máa rí “a.b”, á sì rí “axb” pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ àmì ìdánudúró gan-an ló fẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ `a\.b`. Níbí, ohun tí a fi ń takò literal ni àmì tó ní iṣẹ́ àkànṣe.

Ní tèmi, “iye tí a kọ gan-an” ni kí ẹ fi sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi “àmì tó dúró fún ara rẹ̀” sí ìkejì. Wọ́n gùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Olùkọ́ Ìṣirò

Tiwa máa dàrú mọ́ yín lójú, torí òdìkejì ti Oníkóòdù ni. Nínú áljẹ́brà, ohun tí a ń pè ní literal ni lẹ́tà tó dúró fún nọ́ńbà. Nọ́ńbà gan-an, bíi 42, kì í ṣe literal lọ́dọ̀ wa. V = IR jẹ́ ìdọ́gba “literal” nítorí pé lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ tí a sì máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kó mú R dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan: R = V/I.

Ẹ má bínú sí wa o, àwa la sún mọ́ orísun ọ̀rọ̀ náà jù. “Littera” ní èdè Látìn, lẹ́tà ni. François Viète, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi lẹ́tà wọ iṣẹ́ yìí pátápátá ní 1591: ó fi fáwẹ́lì dúró fún ohun tí a ò tíì mọ̀, ó fi kọ́ńsónáńtì dúró fún ohun tí a ti mọ̀. Kó tó dìgbà náà, àpẹẹrẹ lẹ́yìn àpẹẹrẹ ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣàlàyé ọ̀nà ìṣirò, nọ́ńbà pàtó ló sì máa ń wà nínú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí lẹ́tà dé, a lè kọ ọ̀nà kan ṣoṣo tó bá gbogbo nọ́ńbà mu. Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, ló mú a, b, c fún ohun tí a mọ̀ àti x, y, z fún ohun tí a ò mọ̀, ní 1637, òun náà la ṣì ń lò.

“Ìdọ́gba onílẹ́tà” ni kí ẹ kọ. Kò nílò àlàyé.

Oníkóòdù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń pè ní orúkọ gan-an lẹ̀yin ń pè ní literal. Akọ́ṣẹ́-Ìtumọ̀, literal ti ẹ̀rọ àti literal ti ìṣirò ò gbọdọ̀ pàdé nínú ìwé yín láìní àlàyé o.

Amòfin

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ti òfin, torí mo rí “òfin olówuuru” yẹn, àyà mi sì já. Lọ́dọ̀ wa, òfin fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ literal. Ọ̀nà tí adájọ́ gbà kà á ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi ń takò ó ni èrò ọkàn àwọn tó ṣe òfin.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń kọ́kọ́ pàdé ni ẹjọ́ Whiteley àti Chappell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1868. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ pe ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ọkùnrin kan lọ fi orúkọ òkú dìbò. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí òfin ń sá fún gan-an ló ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ka òfin náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: òkú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, nítorí náà, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ kọ́ ni ọkùnrin náà fi ara rẹ̀ pè. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ẹjọ́ Fisher àti Bell náà fara jọ ọ́. Òfin 1959 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe “fi lọ̀ láti tà” irú ọ̀bẹ kan tó máa ń ta jáde bí a bá tẹ bọ́tìnnì. Ọlọ́jà kan pàtẹ ọ̀kan sójú fèrèsé. Nínú òfin àdéhùn, ìpàtẹ kì í ṣe ìfilọ̀, ńṣe ló ń pe oníbàárà kó wá fi owó lọ̀. Òun náà bọ́. Ní 1961, Ilé Aṣòfin tún òfin náà ṣe, wọ́n fi ìpàtẹ kún un.

Ọ̀nà kíkà mìíràn wà o. Láti 1584, nínú ẹjọ́ Heydon, ni àwọn adájọ́ ti ní kí a máa wo àìda tí òfin fẹ́ tún ṣe. Síbẹ̀, mo máa gbèjà kíka òfin bí a ti kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n máa fi òfin mú ní ẹ̀tọ́ láti rí i kà ṣáájú ohun tí wọ́n ní kó má ṣe. Bí adájọ́ bá lè fi èrò ọkàn ẹlòmíràn dí gbogbo ihò, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí ààlà wà.

“Kíka òfin bí a ti kọ ọ́.” Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ògbufọ̀

Níbi iṣẹ́ ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀, ohun tí a sì fi ń takò ó ni èrò dípò èrò. Jerome, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, sọ ọ́ nínú lẹ́tà kan pé òun kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ bí kò ṣe èrò dípò èrò, àfi Ìwé Mímọ́ nìkan, níbi tí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò pàápàá ti jẹ́ àṣírí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Ẹ́kísódù orí 34. Mósè sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Hébérù sì lo ọ̀rọ̀ kan fún ojú rẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ “ìwo” tan. Bíbélì Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ mìíràn, ní ojú rẹ̀ ń dán. Jerome kọ ọ́ ní Látìn pé ó ní ìwo. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ayàwòrán fi ń ya Mósè pẹ̀lú ìwo lórí, ẹni tó bá sì dé ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli ní Róòmù lónìí máa bá ère Mósè tí Michelangelo gbẹ́ níbẹ̀, ìwo méjì lórí rẹ̀ ketekete, nínú òkúta mábù.

Síbẹ̀, ẹ má kó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dípò ọ̀rọ̀ dà nù. Ẹni tó ń ṣàlàyé èdè kan fún àwọn tí kò gbọ́ ọ máa ń nílò ìlà mẹ́ta: gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà odindi ìtumọ̀. Ìlà àárín yẹn ò ṣe é yọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Olùkọ́ Èdè, ibẹ̀ ni “inú” àti “dùn” ti gbọ́dọ̀ yà.

Olùkọ́ Èdè

Mo gbà. Fún ìlà àárín, mo gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà pè é ní ìtumọ̀ gbólóhùn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀sìn

Mo fẹ́ fi kékeré kún ti Ògbufọ̀. Láàárín àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́, wọ́n máa ń ka Ìwé Mímọ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì máa ń fi Jerúsálẹ́mù ṣe àpẹẹrẹ: ìlú náà fúnra rẹ̀, ìjọ, ọkàn ènìyàn, àti ìlú òkè ọ̀run. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ti literal, orí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ àwọn mẹ́ta yòókù lé.

Nínú Ìsìláàmù, ilé ẹ̀kọ́ òfin kan wà tí a ń pè ní Ṣàhírí, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ohun tó hàn sóde. Ibn Hazm ti Kọ̀dóbà, tó kú ní 1064, ni olókìkí jù nínú wọn. Ó kọ̀ kí a máa fi ohun kan wé òmíràn láti fa òfin tuntun yọ. “Ìtumọ̀ òde” bá ìyẹn mu dáadáa, nítorí “ti inú” ni wọ́n fi ń takò ó.

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ti ilé. Ọmọ mi kejì ní autism, ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà ń lóye nǹkan yàtọ̀. Ọjọ́ kan, mo ń jáde nínú yàrá, mo sọ fún un pé “Dúró, mò ń bọ̀.” Gbogbo wa la ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ. Nígbà tí mo padà dé, ibi tí mo fi í sí gan-an ló dúró sí, kò jókòó, kò gbé ẹsẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ò bọ̀. Ẹ ń lọ.” Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà.

Mo ronú lé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ibi tó ti ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo sọ ló gbọ́, ohun tí mo ní lọ́kàn ni mi ò sọ. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń sọ pé “Mò ń lọ síbi báyìí, màá padà dé kí aago tó dún, o lè jókòó.” Ilé wa rọrùn sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì ń jàǹfààní ẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “ẹni tí kì í lóye ọ̀rọ̀”. Mo ti rí i nínú ìwé kan, ó gún mi lọ́kàn. “Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ bí a ṣe sọ ọ́” ni kí ẹ kọ.

Olùkọ́ Èdè

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò fìgbà kan ka “mò ń bọ̀” mọ́ ọ̀rọ̀ tó ní ojú méjì. Màá mú un wọ kíláàsì.

Olólọ́jíìkì

Tiwa kúrú. Nínú lọ́jíìkì, literal ni gbólóhùn kan tí kò ṣe é tú sí wẹ́wẹ́ mọ́, tàbí ìyísódì rẹ̀. Bí p bá dúró fún “òjò ń rọ̀”, p jẹ́ literal, “kì í ṣe p” náà jẹ́ literal. “p tàbí q” kì í ṣe literal, nítorí a ṣì lè tú u. Òun ni bíríkì tí a fi ń mọ gbólóhùn ńlá. Nígbà tí Stephen Cook, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi hàn ní 1971 bí ó ti le tó láti mọ̀ bóyá ọ̀nà kan wà tí irú gbólóhùn ńlá bẹ́ẹ̀ fi lè jẹ́ òótọ́, bíríkì wọ̀nyí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kò kan ìtumọ̀ rárá, kò sì kan òde tàbí inú. Ẹ kọ “gbólóhùn bíńtín tàbí ìyísódì rẹ̀”.

Atẹ̀wé

Ẹ gbàgbé wa. Lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “literal” ni àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo. Lédè wa, àmì ìsàlẹ̀ kan tó bá já bọ́ ti tó: “ó kọ́ ilé” á di “ó kó ilé”. Àṣìtẹ̀ lẹ́tà ni.

Akọ́ṣẹ́-Ìtumọ̀

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti pa ìlà kan yẹn rẹ́, mo sì ti la ìlà mẹ́sàn-án. Mo kọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń takò ó síwájú, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀. “Olówuuru” kù síbi èdè nìkan. Mo fi ti Oníkóòdù àti ti Olùkọ́ Ìṣirò sí ojú ewé kan náà, mo sì kọ ọ́ sáàárín wọn pé òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Ti Ìyá Ọmọ Méjì, mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọ̀kan ló kù tó ń dà mí láàmú: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó wá ń fi “ní ti gidi” kún ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, bíi “Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ní ti gidi.” Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà ń lo “literally” bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ti wà láti 1769. Ṣé kí n pè é ní àṣìlò?

Olùkọ́ Èdè

Rárá, àbúrò. Àsọdùn ni. Kọ “ọ̀rọ̀ àtẹnumọ́” sí i, kí o sì fi àpẹẹrẹ tìrẹ yẹn sábẹ́ rẹ̀. Fi ojú ewé mẹ́rin náà ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, má jẹ́ kó tutù.